Àfiwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ààbò orí ayélujára ní àwọn àjọ ìjọba Nàìjíríà

Àfiwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ààbò orí ayélujára ní àwọn àjọ ìjọba jẹ́ iṣẹ́ gbígbé àkọsílẹ̀ àjọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ti òmíràn, láti mọ iye ìgbà tí àwọn ọ̀daràn wọ inú kọ̀ǹpútà wọn láìgbàṣẹ, irú dátà tí ó jáde, ọjọ́ tí àjọ náà mọ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní Nàìjíríà, lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni NIMC, àjọ tí ń fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NIN. INEC, àjọ elétò ìdìbò. JAMB, àjọ tí ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àti NBS, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀.

Iye tí ó wà nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iye ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Iye ohun tí àjọ náà rí ni, tí ó gbà pé ó ṣẹlẹ̀, tí ó sì kọ sílẹ̀. Nítorí náà, àjọ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lè jẹ́ àjọ tí ń ṣọ́ ilé rẹ̀ dáadáa, èyí tí kò sì ní àkọsílẹ̀ kankan lè jẹ́ èyí tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé olè ti wọlé.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń wá sí ẹnu ni «ìkọlù», ṣùgbọ́n ìkọlù ń tọ́ka sí ẹni tí ó ti ìta wá. Òṣìṣẹ́ lè fi àṣẹ ìwọlé tirẹ̀ wo fáìlì ẹni tí kò kàn án. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lè sọnù sínú ọkọ̀. A lè fi dátà ránṣẹ́ sí ìméèlì tí kì í ṣe ti ẹni tí ó ni ín. Gbogbo ìwọ̀nyí ni àjọ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọlu ẹnìkan nínú wọn. Ìdí nìyí tí «ìṣẹ̀lẹ̀ ààbò» fi bá ọ̀rọ̀ náà mu ju ìkọlù lọ.

Dátà àwọn ará ìgbèríko Ìbàdàn

Lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó yí ìlú Ìbàdàn ká ni Akínyẹlé, tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Mọ́níyà. Lágelú, tí tirẹ̀ wà ní Ìyànà Ọ̀fà. Ẹgbẹ́dá, tí tirẹ̀ wà ní ìlú Ẹgbẹ́dá. Àti Ọ̀nà-Àrà, tí tirẹ̀ wà ní Akànrán. Oko, abà àti ìlú kéékèèké ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ń kó dátà pamọ́ sí, jìnnà sí àwọn abà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí orúkọ àwọn àgbẹ̀ ti wà lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àgbẹ̀ tí ó ti forúkọ sílẹ̀ fi ń gba àṣẹ àtira ajílẹ̀ ẹlẹ́dìnwó lórí fóònù rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ó ní síìmù so ó mọ́ NIN rẹ̀. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, a dí ìpè síta lórí síìmù àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí ń gbin ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Akànrán, tí ó sì ń fi fóònù bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà Bódìjà dúnàá-dúrà, NIN ti kúrò ní ìwé ọ́fíìsì lásán. Ó ti di ọ̀nà oúnjẹ.

Ẹni tí ìwé NIN rẹ̀ bá sọnù kì í sábà padà sí ọ̀dọ̀ NIMC. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fótòkópì ni ó ń lọ, níbi tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yóò ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìkànnì aládàáni kan, tí ìwé tuntun yóò sì jáde. Ó yá, kò sì wọ́n. Kò sí bí oníbàárà ṣe fẹ́ mọ ẹni tí ó ni ìkànnì náà, tàbí ibi tí ìkànnì náà ti rí fọ́tò òun.

Ẹnìkan náà lè wà lórí ìwé àwọn olùdìbò, kí ó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní báńkì, kí ọmọ rẹ̀ sì ti ṣe ìdánwò JAMB. Páásíwọọ̀dù tí ó bọ́ sọ́wọ́ olè ṣeé pààrọ̀. Ojú ìka àti ọjọ́ ìbí kò ṣeé pààrọ̀, nítorí náà ọdún tí dátà ti jáde kì í mú kí ewu rẹ̀ gbó.

Òfin tí ó ní kí a sọ ọ́

Abala 21 nínú òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọdún 2015, pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní ètò kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, fi ìkọlù tàbí ìdíwọ́ tí ó lè ran kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tó ngCERT létí. Ẹ̀ka tí ń dáhùn sí ìṣẹ̀lẹ̀ orí ayélujára fún orílẹ̀-èdè ni ngCERT, ó sì wà lábẹ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ọjọ́ 7 ni òfin náà fi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe ọdún 2024 sọ ọ́ di wákàtí 72. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san mílíọ̀nù náírà 2, a sì lè gé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Òfin kejì ni òfin ìdáàbòbò dátà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó dá àjọ NDPC sílẹ̀, ó sì ní kí ẹni tí dátà bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún àjọ náà láàárín wákàtí 72 bí ọ̀rọ̀ náà bá lè ṣe ẹni tí ó ni dátà ní jàǹbá. Bí ewu náà bá ga, a gbọ́dọ̀ sọ fún oní-dátà fúnra rẹ̀, ní èdè tí yóò yé e. Gbólóhùn «tí yóò yé e» yìí tọ́ sí àkíyèsí ní àgbègbè tí àwọn àgbàlagbà púpọ̀ kì í ka èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì yìí, NITDA, àjọ tí ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ní ẹ̀ka ìdáhùn tirẹ̀, CERRT.NG.

Nítorí náà, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo lè wà nínú ìwé ngCERT, nínú ìwé NDPC àti nínú ìwé NITDA, pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìròyìn tí òfin ní kí a mú wá ń lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ alábòójútó, kì í ṣe sí ojú ìwé ìròyìn. Ohun tí aráàlú fi ń ṣe àfiwé ni ìkéde tí àjọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe, ìròyìn àwọn oníròyìn, àti ìwádìí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́.

Àkọsílẹ̀ àjọ mẹ́rin

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, ọjọ́ tí a dìbò ààrẹ, àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní Nigerian Cyber Army gba ìkànnì INEC, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sí ojú ìwé rẹ̀. INEC sọ lọ́jọ́ náà pé òun mọ̀ nípa rẹ̀ àti pé òun ń wádìí rẹ̀. Ní ọdún 2022, alága INEC nígbà náà, Mahmood Yakubu, sọ pé àwọn kan, tí díẹ̀ nínú wọn wà ní Éṣíà, gbìyànjú láti wọ ìkànnì IReV tí àjọ náà ń gbé èsì ìdìbò sí, nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n wọn kò rí i wọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, èsì ìdìbò ààrẹ kò gòkè sórí ìkànnì yìí kan náà lásìkò. Àlàyé INEC ni pé àṣìṣe nínú ètò ẹ̀rọ ni, kì í ṣe pé ẹnìkan já wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yìí kì í ṣe irú kan náà: ọ̀kan jẹ́ ìwọlé tí ó ṣẹlẹ̀, èkejì jẹ́ ìgbìyànjú tí kò yọrí sí rere fún olè, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ẹ̀rọ tí ó kọṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ «INEC: 3» sínú àtẹ ti da ọkà pọ̀ mọ́ àgbàdo.

Ti JAMB fi ìyàtọ̀ láàárín ìkọṣẹ́ àti ìkọlù hàn dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, lẹ́yìn tí èsì ìdánwò jáde tí ariwo sì ta, àjọ náà rí i pé a kò tíì fi àtúnṣe sọ́fúwíà kan sórí díẹ̀ nínú àwọn sáfà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni ó fara gbá a: 206,610 ní Èkó, 173,387 ní ẹkùn Òwèrrì tí ó gba àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn gúúsù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tí ó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà, gba ẹ̀bi náà ní gbangba ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ó sunkún níbẹ̀, a sì tún ìdánwò ṣe fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Nínú àtẹ ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, kò sí àyè fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí rárá, nítorí kò sí ọ̀daràn nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìpalára rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n gbà lọ. Lọ́dún kan náà, ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ ròyìn 4,251 ìgbà tí a da ojú ìka ẹni méjì pọ̀ kí ẹlòmíràn lè ṣe ìdánwò fún olùdíje, èyí tí ó jẹ́ jìbìtì gidi, tí ó sì kan ojú ìka tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS kéde fúnra rẹ̀ lórí X pé àwọn kan ti gba ìkànnì òun, ó sì ní kí aráàlú má ka ohunkóhun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ sí títí òun yóò fi gbà á padà. Kò pẹ́ púpọ̀ ṣáájú ìgbà náà tí àjọ náà gbé ìwádìí kan jáde, èyí tí ó fojú bu owó ìtúsílẹ̀ tí a san fún àwọn ajínigbé láàárín oṣù Karùn-ún ọdún 2023 àti oṣù Kẹrin ọdún 2024 sí tírílíọ̀nù náírà 2.2. Ọjọ́ méjèèjì súnmọ́ra, ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ra ọjọ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

NIMC ni ó ṣòro jù lọ láti fi sínú àtẹ, òun sì ni ó kan ènìyàn púpọ̀ jù lọ: iye àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù 100 ní ọdún 2023. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sam sọ lórí ayélujára pé òun ti wọ sáfà àjọ náà, òun sì ti rí NIN àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 3. NIMC ní irọ́ ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìròyìn FIJ gbé e jáde pé ìkànnì kan tí ń jẹ́ XpressVerify ń ta ìwífún tí ó so mọ́ NIN àwọn ènìyàn. NIMC tún ní kò sí ẹni tí ó wọ inú sáfà òun. NDPC sì sọ pé òun ń wádìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé ìkànnì mìíràn, AnyVerify, ń ta ìwé NIN àti àwọn dátà mìíràn ní náírà 100 péré, àti pé àwọn ti fi owó náà ra ìwé NIN mínísítà tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àti ti ọ̀gá àjọ tí ń dáàbò bo dátà. NIMC sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ka orúkọ àwọn ìkànnì kan sílẹ̀ pé kí aráàlú má fi dátà wọn lé wọn lọ́wọ́.

Bí a bá ka kìkì ohun tí àjọ fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, NBS ní ọ̀kan, NIMC kò sì ní ìkankan. Nínú àtẹ bẹ́ẹ̀, àjọ tí ìkànnì rẹ̀ bàjẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni yóò dà bí aláìlábòò, èyí tí wọ́n ń ta ìwífún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní náírà 100 yóò sì dà bí odi tí kò ní ihò. Ó sì ṣeé ṣe kí ohun tí NIMC sọ nípa sáfà rẹ̀ jẹ́ òótọ́. NIMC máa ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan láṣẹ láti bá oníbàárà yẹ NIN wò. Bí dátà bá gba ọ̀dọ̀ wọn jáde, kò sí ẹni tí ó fọ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹrù ti kúrò nílé. Fún ìyá àgbà tí wọ́n fi NIN rẹ̀ ra síìmù jìbìtì ní Ẹgbẹ́dá, ọ̀nà tí ẹrù náà gbà jáde kò yí ohunkóhun padà. Fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe àfiwé, òun ni ó ṣe pàtàkì jù: ìbéèrè tí NIMC dáhùn ni «ṣé wọ́n wọ sáfà yín?», nígbà tí èyí tí aráàlú béèrè jẹ́ «ṣé dátà wa ti jáde?».

Bí a ṣe ń ka á níbòmíràn

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn ti pẹ́. Òfin kan tí a ṣe ní ọdún 2002, tí a sì tún ṣe ní ọdún 2014, ní kí àwọn àjọ máa ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ wọn lọ́dọọdún, kí ìròyìn náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Ní ọdún ìṣúná 2015, ìṣẹ̀lẹ̀ 77,183 ni wọ́n ròyìn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, iye náà wá sí 30,899. Àwọn olè kò ronúpìwàdà láàárín oṣù méjìlá. Ìlànà kíkà ni ó yí padà: a kò ní kí àwọn àjọ máa ròyìn ìgbìyànjú lásán àti wíwò kiri ẹnu ọ̀nà mọ́, bí kò ṣe ohun tí ó ba dátà tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́.

Ẹni méjì lè ní abà àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Làlúpọn. Bí ọ̀kan bá ń ka gbogbo ipa ẹsẹ̀ tí ó bá rí lẹ́bàá ọgbà, tí èkejì sì ń ka kìkì àpò tí ó dín, iye tí wọn yóò mú wá ní òpin ọdún kò ní jọra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olè kan náà ni ó ń dà wọ́n láàmú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn: oníṣirò kan náà ni ó fi kíkà ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àpò.

Ní ọdún ìṣúná 2023, iye náà jẹ́ 32,211, ìsọ̀rí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìlòkulò láti ọwọ́ ẹni tí ó ní àṣẹ ìwọlé. Àjọ tí ó bá ń ka ìkọlù àwọn ará ìta nìkan kò ní rí ìsọ̀rí yìí rárá.

Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọ̀daràn ti fáìlì ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ètò ìdájọ́ pa ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Alábòójútó ìwífún orílẹ̀-èdè náà wádìí, ó rí i pé a kò tún àṣẹ ìlò àwọn sọ́fúwíà ààbò kan san, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù rand 5 lé ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù Keje ọdún 2023. Ìjọba ni ó bu owó ìtanràn lé ìjọba. Ní Hackney ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ bá káńsù àdúgbò náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Alábòójútó ìwífún Ìlú Ọba bá káńsù náà wí ní ọdún 2024, ó sì tẹ ìbáwí náà jáde pẹ̀lú iye àwọn olùgbé tí dátà wọn wà nínú ewu, ó kéré tán 280,000.

Ohun tí àfiwé tí ó yè kooro ń béèrè

Kí a tó gbé àjọ méjì sórí òṣùwọ̀n kan, a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ohun kan náà ni wọ́n ń kà, bóyá ọdún kan náà ni, àti iye ènìyàn tí dátà wọn wà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ju iye lọ ni ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ìṣẹ̀lẹ̀ náà. NBS ni ó kéde ti ara rẹ̀. Ti JAMB hàn lẹ́yìn ariwo àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n àjọ náà ni ó rí ìdí rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ NIMC tí a kà lókè, ará ìta ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ajẹ́wọ́ orí ayélujára, oníròyìn, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́. Èyí kò fi hàn pé àjọ náà burú ju àwọn yòókù lọ, nítorí dátà tí ó níye lórí ni olè ń wá, kò sì sí èyí tí ó níye lórí tó tirẹ̀. Ó fi hàn pé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nìkan kò tó fún àfiwé.

Àkókò tí ó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ àti ìkéde tún ṣe kókó. Wákàtí 72 tí òfin fi sílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àjọ bá mọ̀. Àjọ tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lè má mọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó sì tún wà lábẹ́ òfin.

Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà ń kó dátà jọ: orúkọ ọmọ tuntun, owó orí, ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀, orúkọ àwọn ọlọ́jà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ńlá lórí tábìlì, èyí tí ọ̀daràn orí ayélujára kò lè jí, ṣùgbọ́n tí ikán àti òjò lè jẹ. Bí wọ́n ti ń gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà, abala 21 òfin ọdún 2015 kàn wọ́n bí ó ti kan àjọ ní Abùjá.

Òfin òmìnira láti gba ìwífún, tí a buwọ́ lù ní ọdún 2011, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba láìsọ ìdí, ó sì fún ilé-iṣẹ́ tí ó gba ìwé náà ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn pé òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ó de gbogbo ìpele ìjọba. Láti ìgbà náà, olùgbé Ìjàyè tàbí Èrúnmu lè kọ̀wé sí sẹkitéríàtì ní Mọ́níyà tàbí ní Ẹgbẹ́dá, kí ó béèrè iye ìgbà tí dátà ti jáde lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ tí wọ́n mọ̀, àti àjọ tí wọ́n fi tó létí.